Oko Tí Kò Sí Níbì Kankan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fọ́tò AI Tó Ń Yẹ Ìtẹ̀síwájú Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Wò

Gbogbo ìgbà tí mo bá fi àwọn àwòrán wọ̀nyí han èèyàn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹnu má baà bó.

Irú fọ́tò wo lẹ ń sọ gan-an?

Àwòrán tó jọ fọ́tò àtijọ́ ni, àmọ́ ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ló yà á. Ayàwòrán mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni, kó lè fi béèrè ọ̀rọ̀ nípa oko: ta ló jèrè irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ òyìnbó àti katakata, kí ló sì bá a lọ? Kì í ṣe ìpolówó ọjà, kì í sì í ṣe ìròyìn. Ara ògiri ibi ìpàtẹ ni wọ́n máa ń gbé e kọ́ sí, tòun ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹn o. Òun ló ń fún irọ́ náà ní orúkọ, ìlú àti ọdún.

Ta ló ṣe èyí tí gbogbo èèyàn ń sọ?

Bruce Eesly ni, ayàwòrán kan ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. New Farmer ló pe iṣẹ́ náà, wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ níbi àjọ̀dún fọ́tò Arles, ní gúúsù Faransé, ní 2024. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ó ní inú àpótí iléeṣẹ́ ọ̀gbìn kan ni wọ́n ti hú u jáde. Àwọn ọkùnrin wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn ọmọdé dúró ti ohun ọ̀gbìn, ojú gbogbo wọn sì ń dán bí ojú ẹni tí ìjọba ń yà ní fọ́tò.

Ìgbà tí ẹ bá wá wo ohun ọ̀gbìn náà ni ẹ ó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan gba ẹ̀bùn kìíní nítorí fennel, ewébẹ̀ olóòórùn kan báyìí tí ìdí rẹ̀ kì í tóbi ju ìkúùkù lọ. Ti inú àwòrán yìí kúrò ní ti ìkúùkù. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ní Limburg ló ti ṣẹlẹ̀, ní 1956. Kò ṣẹlẹ̀ ní Limburg, kò ṣẹlẹ̀ níbì kankan.

Kò sí kámẹ́rà, kò sí oko. Ṣé a tún lè pè é ní fọ́tò?

Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Àwòrán ni mo ń pè é. Ní oṣù kẹrin 2023, ará Jámánì mìíràn, Boris Eldagsen, fi àwòrán AI díje nínú Sony World Photography Awards, wọ́n fún un lẹ́bùn, ó sì kọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìdíje ti múra sílẹ̀ de àwòrán AI ni, àti pé kò yẹ kí àwòrán AI àti fọ́tò jọ máa du ipò kan náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà lójú tèmi.

Síbẹ̀, fọ́tò ni ìyá tó bí i. Bí kò bá sí fọ́tò tí àwọn èèyàn gidi ti yà ṣáájú, ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan kan yà.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń rí i yà?

Wọ́n á kó àìmọye fọ́tò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jọ, tòun ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Àkójọ kan tí wọ́n lò fún irú iṣẹ́ yìí, LAION-5B, ní àwòrán tó ju bílíọ̀nù márùn-ún lọ. Wọ́n á da rúdurùdu bo àwòrán, bíi tẹlifíṣọ̀n tí kò gbé ìkànnì kankan, wọ́n á sì kọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa nu rúdurùdu náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n nù dáadáa, ẹ ó fún un ní rúdurùdu lásán, ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́, á sì máa nù ún títí yóò fi kan ohun tó jọ ọ́.

Kò rántí oko kankan. Ohun tó mọ̀ ni bí fọ́tò oko ṣe máa ń rí. Bí ẹ bá ní kó ya àgbẹ̀ Yúróòpù ní 1960, fọ́tò tí ìjọba, iléeṣẹ́ ajílẹ̀ àti ìwé ìròyìn ìgbà yẹn tọ́jú pa mọ́ ló máa fara wé, torí àwọn ló lówó kámẹ́rà. Àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè katakata kò pe oníkámẹ́rà wá sílé. Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ yìí fi bá irú ìbéèrè yìí mu: ìpolongo ló jẹ dàgbà, ìpolongo ló sì ń bì jáde.

Kí ni Green Revolution tí iṣẹ́ náà ń tọ́ka sí?

Ìgbìyànjú láti fi irúgbìn tuntun, ajílẹ̀ àti omi mú ìkórè pọ̀ sí i ni. William Gaud, tó ń darí USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè, nígbà náà, ló fún un lórúkọ ní oṣù kẹta 1968. Ó yan àwọ̀ ewé kó lè fi ta ko pupa àwọn ará Soviet. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ.

Iṣẹ́ oko rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́síkò láti àwọn ọdún 1940, níbi tí Norman Borlaug, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí àlìkámà. Ẹni tó bá ti gbin àgbàdo rí á tètè lóye ìṣòro tó bá nílẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ lẹ́sẹ̀ àlìkámà, á ga fíofío, orí rẹ̀ á wúwo, ìjì kékeré á sì dà á wó. Irú àlìkámà kúkúrú kan wà tó ṣẹ̀ wá láti Jàpáànì, tí wọ́n ń pè ní Norin 10. Borlaug mú ìran rẹ̀ pò mọ́ ti Mẹ́síkò, ohun tó sì jáde jẹ́ kúkúrú, igi rẹ̀ le, ó lè jẹ ajílẹ̀ yó kó má ṣubú. Nínú “jẹ ajílẹ̀ yó” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Irúgbìn tuntun kì í dá wá. Ajílẹ̀ ń tẹ̀ lé e, omi ń tẹ̀ lé e, oògùn kòkòrò náà ń tẹ̀ lé e, owó ni wọ́n sì fi ń ra gbogbo rẹ̀.

Ní Philippines, iléeṣẹ́ ìwádìí IRRI ṣe irú rẹ̀ fún ìrẹsì. IR8 jáde ní 1966, wọ́n ń pè é ní ìrẹsì ìyanu. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé oko IRRI. Borlaug gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970, ti àlàáfíà sì ni.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fi ohun tó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ebi ṣe yẹ̀yẹ́?

Ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni, kò sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí sá fún un. Àlìkámà tí Íńdíà kó ní 1965 jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 12. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti tó mílíọ̀nù 20. Oúnjẹ tí èèyàn jẹ lèyí, kì í ṣe àwòrán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ ní Punjab, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ti ń lọ sílẹ̀ láti ọdún mọ́dún, nítorí ẹ̀rọ tó ń fà á fún oko. IR8 pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá tutù tán, á le gbandi, àwọn èèyàn sì ń ráhùn sí i. Irú ìrẹsì tí baba ń gbìn fọ́mọ sì ń kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe rí i, kì í ṣe ìkórè ni àwòrán wọ̀nyí ń bú. Ẹ̀rín tí gbogbo èèyàn ń rín nínú fọ́tò ìkórè ni wọ́n ń wò tìfuratìfura.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé títóbi nìkan ni wọ́n fi ń ṣàwàdà?

Àwàdà yẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Láàrin nǹkan bíi 1908 sí 1915, káàdì ìfìwéránṣẹ́ kan gbòde ní Amẹ́ríkà. William H. Martin, ayàwòrán kan ní ìlú Ottawa ní Kansas, á ya fọ́tò ọmọ àgbàdo kan, á ya ti kẹ̀kẹ́ ẹṣin, á fi sáàsì gé wọn, á lẹ̀ wọ́n pọ̀, á wá tún àpapọ̀ wọn yà. Ohun tó máa jáde ni ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo tó kún kẹ̀kẹ́ bámúbámú.

Àwọn àgbẹ̀ gan-an ló ń rà á, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Nílẹ̀ tí ọ̀dá àti eéṣú ti ń ṣe wọ́n bó ṣe wù ú, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó gbà á náà mọ̀, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ti Eesly yàtọ̀ díẹ̀: ẹ ò ní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ ó gbà á gbọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àwọn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn ni iṣẹ́ náà.

Fọ́tò gidi ńkọ́? Ṣé òun kì í parọ́ nípa oko?

Hàà. Ní 1936, Arthur Rothstein, tó ń ya fọ́tò fún ìjọba Amẹ́ríkà, rí agbárí màlúù kan nínú ọ̀dá South Dakota. Ó gbé e síbí, ó yà á. Ó gbé e sún sí ọ̀hún, ó tún yà á. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn tó ń bá Roosevelt, ààrẹ ìgbà yẹn, jà rí i pé agbárí kan náà ló wà lórí ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n pariwo ẹ̀tàn. Ọ̀dá náà kì í ṣe irọ́ o. Agbárí màlúù ló rìn.

Ti Ṣáínà burú ju ìyẹn lọ. Ní 1958, lásìkò Great Leap Forward, ètò tí ìjọba fi fẹ́ mú Ṣáínà tẹ̀ síwájú kíákíá, ìwé ìròyìn gbé fọ́tò àwọn ọmọdé tó dúró sórí ìrẹsì inú oko jáde, bí ẹni pé ìrẹsì náà ki débi pé ó lè gbé èèyàn. Ńṣe ni wọ́n hú ìrẹsì láti oko mìíràn wá kó sójú kan, tí wọ́n sì fi bẹ́ńṣì pa mọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Iye tí wọ́n pè é ni ìjọba fi gba ọkà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún ebu tó pè é ní igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ohun tí wọ́n jẹ níbẹ̀ nìyẹn láti 1959 sí 1961, àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ló sì kú.

Kí ló kan àwa nínú ọ̀rọ̀ fennel àwọn ará Jámánì?

Ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní 1976, wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sóko lásìkò ọlidé. Nígbà tí Shagari dé, ó gbé tiẹ̀ jáde ní 1980, Green Revolution gan-an ló sì pè é. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà ní Ìbàdàn láti 1967. Níbẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ TMS 30572 ti wá, èyí tí àrùn tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe. Ọ̀pọ̀ gààrí tí a ń mu lónìí, ìran ẹ̀gẹ́ yẹn ló wà nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Adìẹ àgíríìkì. Ẹ̀gẹ́ àgíríìkì. Lẹ́nu Yorùbá, “àgíríìkì” jẹ́ oríyìn, ó tún jẹ́ èébú: ó tóbi, ó yá kánkán, kò dùn. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ tó ń lọ sọ́jà pé “má ra àgíríìkì wá o”, ó ti ṣe lámèyítọ́ ìtẹ̀síwájú tán, láìlo kámẹ́rà. Ìyá mi àgbà gba ẹ̀gẹ́ tuntun tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí àwọn ará àgíríìkì pín in, ṣùgbọ́n ó fi poro méjì odóńgbó, ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀, sílẹ̀ lẹ́yìn oko. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní “èyí tí mo mọ̀ ìwà rẹ̀ nìyẹn.” Odóńgbó yẹn kò sí nínú fọ́tò kankan nílé wa.

Ohun tó wà nílé wa ni kàlẹ́ńdà kan tó ti gbó lára ògiri pálọ̀. Ọkùnrin kan lóṣòó nínú rẹ̀, ó na ẹ̀gẹ́ kan síwájú, ẹ̀gẹ́ náà sì tóbi ju àyà rẹ̀ lọ. Mo ti ń ya fọ́tò fúnra mi kí n tó mọ àṣírí rẹ̀: ohun tó bá sún mọ́ ojú kámẹ́rà ló ń tóbi. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ẹ̀gẹ́ mú tóbi ju orí rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó wo ọwọ́.

Mo ní kí ẹ̀rọ ya oko iṣu, ó gbé ohun mìíràn jáde. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo kọ “yam” ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ní kó jẹ́ ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní 1965. Ọ̀dùnkún aláwọ̀ ọsàn ló kó jáde, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń pè ní yam nìyẹn. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ebè, kò sí ọ̀pá tí iṣu ń gùn. Mo ní rárá, iṣu funfun ilẹ̀ Áfíríkà. Ó mú u funfun: iṣu tí wọ́n ti bó kalẹ̀ ló ń ti inú ilẹ̀ yọrí. Ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà, orí rẹ̀ kọjú sókè bíi ti ṣọ́bìrì.

Ìgbà tí mo pa orúkọ tì ló dára díẹ̀. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀: gígùn, ó tó itan àgbà ọkùnrin, èèpo rẹ̀ rí gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ bí èèpo igi, òkìtì ilẹ̀ tó ga dé orúnkún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tàbí kí ẹ má tún un ṣe rárá, kí ẹ gbé àṣìṣe náà kọ́ sára ògiri bó ṣe wà. Ẹ̀rọ tó mọ fennel Limburg dójú àmì tó jẹ́ pé kò mọ ebè, ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn náà.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí fọ́tò gidi?

Ẹ má gbára lé ìka ọwọ́ mẹ́fà mọ́; àwọn ẹ̀rọ ti ń kọ́ ọwọ́ yà. Ẹ lo ojú oko. Ṣé ara igi ni àgbàdo ti yọmọ, àbí góńgó orí? Ṣé ewé ẹ̀gẹ́ náà pín bí ìka, àbí ó kàn jẹ́ ewé? Mo ti rí ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀wé, tó wo àwòrán oko kan lórí fóònù mi, tó ní “ta ló gbin koríko síbi tó yẹ kó roko?” Ó tọ̀nà.

Lẹ́yìn ojú, ẹ béèrè ibi tó ti wá: ta ló yà á, níbo ni fíìmù rẹ̀ wà, nọ́ńbà wo ló ní nílé àkójọ?

Ṣé irọ́ kọ́ ni ayàwòrán ń pa fún wa?

Bó bá kọ orúkọ èké àti ọdún èké sábẹ́ rẹ̀, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, irọ́ ni. Bó bá sọ ọ́ níbi ìpàtẹ, eré ni, bí ìgbà tí eégún aláré bá di òyìnbó lójú agbo. Èmi kò fara mọ́ àwọn tó ní kí a kọ “AI” gàdàgbà sórí àwòrán fúnra rẹ̀, torí á pa ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n kí òǹwòran tó jáde kúrò ní yàrá, kó ti mọ̀.

Ṣé mo lè fi ya ebi, ọ̀dá tàbí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn?

Mo gbà yín níyànjú kí ẹ má ṣe é. Ní 2023, Amnesty International lo àwòrán AI láti fi polongo ohun tí ọlọ́pàá ṣe fún àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ní Kòlóńbíà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bo ojú àwọn èèyàn náà. Ìbáwí pọ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ìwà burúkú náà ṣẹlẹ̀, fọ́tò gidi wà nílẹ̀; àwòrán AI wá fún àwọn tó fẹ́ sẹ́ ní ohun tí wọ́n máa tọ́ka sí.

Fennel ńlá kò pa ẹnì kankan lára. Ẹ fi ẹ̀rọ ya ìlérí, ẹ fi kámẹ́rà ya ìyà.

Ta ló ni àwòrán tí AI yà?

Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹ̀tọ́ àdàkọ sílẹ̀ kò gbà pé èèyàn ni ònkọ̀wé ohun tí ẹ̀rọ dá yà. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín tò, irú bíi ìtòlẹ́sẹẹsẹ àti ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, ni wọ́n lè gbà. Ti àwọn tí ẹ̀rọ kó fọ́tò wọn jẹ láìtọrọ, ẹjọ́ rẹ̀ ti dé kóòtù.

Bí àwọn àwòrán wọ̀nyí bá padà sínú ẹ̀rọ ńkọ́?

Èyí ni ìbéèrè tí mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí. Gbogbo ohun tó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kó jẹ. Àwòrán á já kúrò lára ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹnì kan á pín in lórí Facebook, ẹlòmíì á fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀rọ á sì kọ́ pé bí oko Jámánì ṣe rí ní 1956 nìyẹn. Ẹni tó fi irọ́ yẹ irọ́ wò á wá bá irọ́ tirẹ̀ nílé àkójọ.

Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ ọ́ sínú fáìlì fúnra rẹ̀ pé AI ni, kì í ṣe ara ògiri nìkan. Tiwa tó kù sì ni pé kí fọ́tò oko gidi pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ẹ lọ wo inú àpótí àwọn òbí yín. Ẹ yí fọ́tò yẹn padà, ẹ mú bírò, kí ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà: oko ta ni, ọdún wo, kí ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ irúgbìn náà gan-an sí i, ẹ má kọ “ẹ̀gẹ́” lásán. Odóńgbó ni, àbí ọkọ-ìyàwó?